Amos Tútùọlá: Méséńjà Tí Ó Sọ Àlọ́ Di Ìwé

 

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ a máa bi àwa olùkọ́. Bí a bá dé Ìfọ̀, wọn a bi wá. Bí a bá dé Mowe tàbí Ibafo, wọn a tún bi wá. Ìbéèrè náà ni pé: "Tíṣà, ìwé mélòó ni ènìyàn gbọ́dọ̀ kà tán kí òun náà tó lè kọ ìwé ìtàn?" Ẹni tí ń bèèrè báyìí ti dá ara rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró. Ó rò pé ìwé kíkọ dà bí oyè ìlú, pé àfi bí àwọn afọbajẹ bá péjọ, kí wọ́n sì fi ewé akòko sí ni lórí. Nípa báyìí, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ẹnu rẹ̀ dùn níbi àlọ́ pípa ni kò fi ọwọ́ kan bébà rí, nítorí ó gbà pé iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ni.

N kò fẹ́ fi òwe nìkan dáhùn ìbéèrè yìí. Ìtàn ọkùnrin kan ni n ó fi dáhùn. Ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni, láti agbègbè wa níhìn-ín. Ìwé díẹ̀ ni ó kà, iṣẹ́ méséńjà ni ó ń ṣe, síbẹ̀ ìwé tí ó kọ dé Lọ́ńdọ̀nù, ó dé Párísì, ó sì tún padà wá sí orí ìtàgé ní Ìbàdàn ní èdè Yorùbá. Amos Tútùọlá ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1920 ni a bí i, ní Wàsìnmi, abúlé kan tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta. Charles ni orúkọ baba rẹ̀, Esther Àìná sì ni ìyá rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni àwọn méjèèjì, iṣẹ́ àgbẹ̀ kòkó ni baba rẹ̀ sì ń ṣe. Kí ẹ lè mọ irú ayé tí a bí ọmọ náà sí, ẹ rántí pé nígbà náà ó ti tó nǹkan bí ogún ọdún tí ọkọ̀ ojú irin ti ń rìn láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Ìfọ̀ ni ó ń gbà kọjá. Ọkọ̀ náà a máa kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Èkó láti lọ wá iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá wọ̀ ní abúlé, àwọn àgbà a jókòó yí iná ká, wọn a máa sọ nípa ìjàpá, nípa iwin, àti nípa ọdẹ tí ó sọnù sínú igbó. Ayé ọ́fíìsì nìyẹn, ayé àlọ́ nìyí. Tútùọlá mọ àwọn méjèèjì, ìgbà tí ó sì mú wọn pàdé ni ìwé rẹ̀ jáde.

Ọwọ́ àwọn òbí rẹ̀ kò tó láti rán an lọ sí ilé-ìwé. Nítorí náà ni ó fi di ọmọ ọ̀dọ̀ ọkùnrin Ìgbò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ F. O. Monu. Dípò owó oṣù, owó ilé-ìwé ni ọ̀gá yìí ń san fún un. Ilé-ìwé Salvation Army ní Abẹ́òkúta ni ó kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ṣí lọ sí Èkó, ó bá a lọ, ó sì wọ Lagos High School. Lẹ́yìn èyí, ó padà sí Abẹ́òkúta, ó sì wọ ilé-ìwé ìjọ Áńgílíkà ní Aké. Ní 1939 baba rẹ̀ kú, kò sì sí ẹni tí yóò san owó ilé-ìwé mọ́. Gbogbo ọdún tí ó lò nídìí ìwé kò ju bíi mẹ́fà lọ.

Ó kọ́kọ́ gbèrò láti fi oko dídá rí owó tí yóò fi padà sí ilé-ìwé, ṣùgbọ́n òjò kò rọ̀ tó lọ́dún náà, ohun tí ó gbìn kò sì ta. Ó bá gba Èkó lọ, ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó fi iṣẹ́ náà sin àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn Royal Air Force. Nígbà tí ogun parí, wọ́n dá a sílẹ̀ bí wọ́n ti dá ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbìyànjú láti dá ilé arọ tirẹ̀ sílẹ̀, kò rí owó. Nígbẹ̀yìn ó rí iṣẹ́ méséńjà ní ọ́fíìsì Labour ti ìjọba ní Èkó. Ní 1947 ó gbé Victoria Aláké níyàwó.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ nídìí iṣẹ́ méséńjà yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ bí ó ti máa ń rí. Ènìyàn a jókòó lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá, a máa retí agogo. Bí agogo bá dún, a gbé fáìlì láti yàrá kan lọ sí èkejì. Bí kò bá dún, a tún jókòó. Ẹlòmíràn a máa tòògbé, ẹlòmíràn a máa sọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé lẹ́yìn. Tútùọlá ní tirẹ̀ fa bébà sọ́dọ̀. Kí ó má baà jókòó lásán, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ àwọn ìtàn tí ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà nínú oko sílẹ̀. Ohun mìíràn tí ó sún un ṣe é ni ìwé ìròyìn kan tí ìjọba ń tẹ̀ jáde nípa àṣà ilẹ̀ wa. Nígbà tí ó kà á, ó rántí pé nígbà tí òun wà nílé-ìwé, òun ni àwọn ẹgbẹ́ òun máa ń fẹ́ gbọ́ àlọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó rò ó pé bí àwọn wọ̀nyí bá lè kọ nípa ilẹ̀ wa, òun náà lè kọ.

Ìtàn gígùn tí ó kọ́kọ́ kọ jẹ́ ti ọdẹ kan tí ó wọ igbó àwọn iwin. Ó fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Focal Press, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ títẹ ìwé nípa fọ́tò yíyà. Ẹ lè fi èyí rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ọ̀nà ni ó ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá kọ́kọ́ pàdé. Ìwé náà kò jáde nígbà náà. Ọdún 1982 ni a tó tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé Tútùọlá jókòó de èsì ìwé àkọ́kọ́ ni, a kì bá tí gbọ́ orúkọ rẹ̀. Kò jókòó dè é. Ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Òmíràn yìí ni The Palm-Wine Drinkard, ìtàn ọkùnrin tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju kí ó mu ẹmu lọ. Ẹ gbọ́ bí ó ti kọ ọ́. Ọjọ́ méjì ni ó fi kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsù. Nígbà tí ó parí èyí, ó lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta láti fẹ̀ ẹ́ lójú, láti ṣe àtúnṣe rẹ̀, àti láti fi íńkì dà á kọ. Àwọn tí ń sọ ìtàn yìí fẹ́ràn láti máa pariwo ọjọ́ méjì. Oṣù mẹ́ta ni èmi fẹ́ kí ẹ rántí. Ọjọ́ méjì ni omi fi ya dé, oṣù mẹ́ta ni ó fi gbẹ́ ojú odò fún un.

Lẹ́yìn náà ó rí ìkéde kan tí ẹgbẹ́ Onígbàgbọ́ tí ń tẹ ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe, ó sì fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Irú ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ kọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ nù. Wọ́n bá a wá ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Faber and Faber, ilé-iṣẹ́ tí T. S. Eliot, akéwì ńlá nì, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdarí rẹ̀. Ní 1952 ìwé náà jáde. Àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ kò yí èdè rẹ̀ padà púpọ̀. Wọ́n tilẹ̀ fi àwòrán ojú ewé kan láti inú ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ sínú rẹ̀, kí àwọn òǹkàwé lè rí ibi tí a ti tún un ṣe.

Níbo ni ó ti rí ìtàn náà? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé ó gbọ́ ọ. Ó ròyìn pé bàbá arúgbó kan nínú oko, tí ó fún òun ní ẹmu mu, ni ó sọ ìtàn ọ̀mu náà fún òun. Ẹ sì wo ìtàn òkìkí kan nínú ìwé náà: ọmọbìnrin kan kọ gbogbo ọkọ tí baba rẹ̀ ń fẹ́ fún un. Ní ọjọ́ kan ó rí arẹwà ọkùnrin ní ọjà, ó sì tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ti wọ inú igbó, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí dá àwọn ẹ̀yà ara tí ó yá padà fún àwọn olówó wọn: ẹsẹ̀, ọwọ́, ara, títí ó fi ku agbárí nìkan. Ìyá-ìyá yín mọ àlọ́ yìí. Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ni a ti ń fi í kìlọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Kì í ṣe Tútùọlá ni ó dá a.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn kejì wà, òun ni ó sì mú Tútùọlá yàtọ̀ sí ẹni tí ń tún àlọ́ pa lásán. Gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́ àti nínú ogun ni ó dà pọ̀ mọ́ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Ó fún arẹwà ọkùnrin yẹn lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú ogun kò ní lè ju bọ́ǹbù sí i. Ẹni tí ó bá àwọn Royal Air Force ṣiṣẹ́ ni ó lè ro irú èyí. Ó fún ọ̀mu náà ní oko ọ̀pẹ tí igi inú rẹ̀ jẹ́ 560,000, adẹ́mu rẹ̀ sì ń dá agbè 150 ní òwúrọ̀ àti 75 ní ìrọ̀lẹ́, bí ẹni pé akọ̀wé ni ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò. Nígbà tí ọ̀mu àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ wọ inú igi funfun ńlá kan, wọ́n ta ikú wọn ní pọ́nùn 70, ṣílè 18 àti kọ́bọ̀ 6, wọ́n sì yá ẹlòmíràn ní ẹ̀rù wọn, èlé rẹ̀ jẹ́ pọ́nùn 3 àti ṣílè 10 lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n jáde, ẹni tí ó ra ikú kò dá a padà, nítorí náà wọn kò lè kú mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yá ẹ̀rù dá a padà, nítorí náà ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n. Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín tán, ẹ jókòó kí ẹ rò ó. Ó jinlẹ̀.

Nínú ìwé kejì, My Life in the Bush of Ghosts, tí ó jáde ní 1954, iwin obìnrin kan wà tí ń fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ han ọmọ tí ó sọnù bí ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣe nílé. Amóhùnmáwòrán ni Tútùọlá pe ọwọ́ náà. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ọdún 1959 ni amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọdún márùn-ún ṣáájú ni ọkùnrin yìí ti fi sí ọwọ́ iwin. Ó gbọ́ orúkọ ohun tuntun kan, ó sì wá ilé fún un nínú ìtàn àtijọ́.

Àwọn ìwé tí ó kà náà ràn án lọ́wọ́. Ó sọ ọ́ pé òun ka ìwé John Bunyan, èyí tí àwọn baba wa mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́ láti ìgbà tí òyìnbó ajíhìnrere David Hinderer ti yí i sí Yorùbá. Ìrìn àjò ènìyàn kan ni, láti ibi ewu kan sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni ìrìn ọ̀mu tí ń wá adẹ́mu rẹ̀ tí ó kú lọ sí ìlú àwọn òkú. Ó tún ka àwọn ìtàn Arabian Nights. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, D. O. Fágúnwà ti ṣí ọ̀nà. Ní 1938 ni Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Olùkọ́ ni, ilé-ẹ̀kọ́ St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà, èdè Yorùbá rẹ̀ sì dán bí góòlù. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti tọ́ka sí ọ̀pọ̀ ibi tí ìwé Tútùọlá ti jọ ti Fágúnwà.

Ǹjẹ́ olè ni èyí? Rárá o. Odò kan náà ni àwọn méjèèjì ti pọn omi. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí agbè wọn ti yàtọ̀: Fágúnwà a máa dúró láti kọ́ni ní ìwà rere, bí olùkọ́ àti ọmọ ìjọ, Tútùọlá kì í dúró, ìrìn ni ó ń rìn, ìtàn kan a máa ti òmíràn lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá mú ohun kan láti ọwọ́ ẹlòmíràn ní láti ṣe é títí yóò fi di tirẹ̀. Àdàkọ lásán kò ní èrè.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti korò. Nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ jáde, Dylan Thomas, akéwì ọmọ ilẹ̀ Wales, yìn ín gidigidi nínú ìwé ìròyìn Observer, ní oṣù Agẹmọ 1952. Ní 1953 Raymond Queneau, òǹkọ̀wé pàtàkì ní ilẹ̀ Faransé, yí i sí èdè Faransé. Ṣùgbọ́n nílé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wa fajú ro. Wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn ìwé ìròyìn. Wọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wọ́, pé àwọn òyìnbó ń fi í ṣe ẹlẹ́yà ni, pé wọn yóò máa rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n tún ní àlọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ó tà fún òyìnbó.

Kí á má ṣe yára dá àwọn wọ̀nyí lẹ́bi. Orílẹ̀-èdè tí ń jà fún òmìnira rẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òyìnbó ń wá ẹ̀rí pé a kò tíì gbọ́n. Nínú àwọn tí ó yin Tútùọlá pẹ̀lú, àwọn kan wà tí ń yìn ín bí ẹni tí ń yin ọmọdé. Ìbẹ̀rù àwọn ará ilé ní ìdí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń ka àṣìṣe gírámà, wọn kò gbọ́ ohùn tí ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Yorùbá ni ohùn náà. Bí a bá ka ìwé yẹn sókè, a ó gbọ́ àgbà tí ń pa àlọ́, tí ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀, tí ń ka iye nǹkan, tí ń dá ọ̀rọ̀ kan sọ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹni tí ń tòògbé lè jí. Gẹ̀ẹ́sì ni aṣọ, Yorùbá ni ara.

Kí ni Tútùọlá ṣe sí ẹ̀gàn? Ohun méjì ni ó ṣe. Ó forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ láti tún èdè rẹ̀ ṣe, nítorí kò rò pé òun kò ní ohun tí òun lè kọ́ mọ́. Ó sì ń kọ ìwé lọ. Simbi and the Satyr of the Dark Jungle jáde ní 1955, The Brave African Huntress ní 1958, Feather Woman of the Jungle ní 1962, Ajaiyi and His Inherited Poverty ní 1967. Kò sì fi iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1956, lẹ́yìn tí ayé ti mọ orúkọ rẹ̀, ó wá sí ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn. Kì í ṣe láti máa sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe gbà á, bí kò ṣe láti máa tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí. Ẹni tí àwọn ọ̀mọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù àti Párísì ń kọ nípa rẹ̀ ni ó ń ka ẹrù sínú ìwé, tí ó ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ohun èlò.

Díẹ̀díẹ̀ ni ilé wá dá a mọ̀. Ní 1963 Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ gbé Ọ̀mùtí sí orí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú orin àti ìlù. Àwọn tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì rí i, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀ bí ẹni mọ ọmọ ilé wọn. Ní 1977 Chinua Achebe sọ̀rọ̀ lórí ìwé náà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó fi hàn pé kì í ṣe ìtàn ẹ̀fẹ̀ lásán, pé ó ń bi wá léèrè ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó fẹ́ máa ṣe fàájì títí ayé láìṣiṣẹ́. Ní 1979 Yunifásítì Ifẹ̀ gba Tútùọlá ní àlejò fún ìwádìí. Ní 1986 ó tẹ àwọn àlọ́ Yorùbá kan jáde ní Ìbàdàn. Ní oṣù Òkúdù 1997 ni ó kú, ní Ìbàdàn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ ìwé, n kò ní fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu òkú. Ohun tí ó ṣe ni n ó tọ́ka sí, kí ẹ fi ṣe àríkọ́gbọ́n.

Èkíní, ẹ gbọ́ kí ẹ tó kọ. Ẹ wo ibi tí a wà yìí. Ní Mowe àti Ibafo, àwọn àgbà tí ó mọ ibẹ̀ kí títì ńlá Èkó sí Ìbàdàn tó ṣí ní 1978 ṣì wà láàyè. Wọ́n mọ ibi tí oko wà, ibi tí ilé wà báyìí. Wọ́n mọ orúkọ odò tí a ti kọ́lé lé lórí. Òfàdà, tí ìrẹsì rẹ̀ lókìkí, kò jìnnà sí wọn. Ní Ìfọ̀, àwọn tí ó fi ọkọ̀ ojú irin ṣòwò lè sọ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan. Bí àgbà kan bá kú láìsọ ìtàn rẹ̀, kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti lè lọ kọ́ ọ. Ẹ lọ bá wọn pẹ̀lú ìwọ̀lẹ̀. Ẹ bèèrè, ẹ sì dákẹ́. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́ sí etí ìwé yín. Ẹ má sì gbàgbé àwọn àlejò. Àwọn ìlú wọ̀nyí ti di àpapọ̀ ènìyàn láti ibi gbogbo, olúkúlùkù wọn sì gbé àlọ́ tirẹ̀ wá. Ọmọ Ìgbò ni ó san owó ilé-ìwé Tútùọlá.

Èkejì, ẹ lo àkókò tí ẹ ní. Ẹni tí ó bá ń retí ọdún tí ọwọ́ rẹ̀ yóò dilẹ̀ pátápátá kò ní kọ ọ̀rọ̀ kan. Wákàtí tí ẹ ń lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú títì Ibafo, lójoojúmọ́, gùn tó èyí tí méséńjà yẹn lò lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ohun tí ojú yín rí sínú ohun tí etí yín gbọ́. Tútùọlá fi bọ́ǹbù àti èlé owó sínú àlọ́. Kí ni ẹ̀yin yóò fi sí i? Ọlọ́kadà tí ó gbé iwin lóru ńkọ́? Ìjàpá tí ó ta ilẹ̀ kan náà fún ènìyàn mẹ́ta ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé agbègbè yìí mọ̀ pé ìjàpá yẹn kò tíì kú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tún un kọ. Mo ti ń yẹ àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò fún ọdún púpọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ohun tí mo sì ń rí jù ni iṣẹ́ ọjọ́ méjì tí kò ní oṣù mẹ́ta. Kíkọ́ gírámà ṣe pàtàkì, n kò ní sọ pé kò ṣe pàtàkì. Bí ẹni tí ó mọ̀ jù yín bá fi íńkì pupa tọ́ yín sọ́nà, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí íńkì pupa gba gègé lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má fojú kéré èdè yín. Àwọn tí ó ń sọ nígbà náà pé ì bá kọ ọ́ ní Yorùbá kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Fágúnwà fi hàn pé ó ṣeé ṣe, ìwé rẹ̀ sì wà nílé àti nílé-ìwé títí di òní. Ẹni tí ó bá lè kọ Yorùbá dáadáa, kí ó kọ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó kọ ọ́ ní ohùn ara rẹ̀, kí ó má ṣe yá ohùn ẹlòmíràn, nítorí ẹ ti gbọ́ ohun tí ó gbẹ̀yìn arẹwà ọkùnrin tí ó yá ẹ̀yà ara: bí àwọn olówó bá gba ohun wọn tán, agbárí nìkan ni yóò kù.

Nítorí náà, ọmọ Ìfọ̀, ọmọ Mowe, ọmọ Ibafo tí ń bèèrè iye ìwé tí òun gbọ́dọ̀ kà kí òun tó bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn mi nìyí. Máa ka ìwé lọ, má sì dúró. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ òní, kí ìyá àgbà tó sùn, bẹ̀ ẹ́ kí ó pa àlọ́ kan fún ọ, kí o sì ní pẹ́ńsù lọ́wọ́.

Ó dìgbà kan ná o.